Ilẹ̀kùn Tó Ń Kúrú

Ẹ̀rín làwọn èèyàn ń wá rà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rín náà ló sì sú mi jù láyé yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó sínú yàrá onípákó kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé dígí, nínú ọgbà ìṣeré tá a ti ń ṣiṣẹ́, tí mò ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn. Wọ́n á wọlé, wọn ò sì ní tíì rìn jìnnà tí wọ́n á fi bú sẹ́rìn-ín. Ẹni gíga á rí ara rẹ̀ bí aràrá, ẹni kúkúrú á di agùntáṣọọ́lò, ẹni tó ń yan fanda á rí orí ara rẹ̀ nísàlẹ̀ àti bàtà rẹ̀ lókè. Hà-hà, hì-hì, látàárọ̀ dalẹ́. Ṣíọ̀! Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ló ń nu dígí ọ̀hún tó fi ń dán bẹ́ẹ̀. Ìyá Dígí ló ń nù ún. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, irú èyí tó máa ń bẹ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo máa ń bá a bínú. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ọgbà láàárọ̀, á ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ọṣẹ wọlé pẹ̀lú àkísà tútù àti àkísà gbígbẹ. Ó ní dígí tó tẹ̀ ò gba ọ̀lẹ láyè: tó o bá fi ìlà omi bíńtín sílẹ̀ lára rẹ̀, tí oòrùn bá ti wọlé, gbogbo ayé ló máa rí i. Nísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ àwọn ọmọdé ń dé, ibẹ̀ ló ti máa ń kúnlẹ̀ pẹ́ jù. Mi ò sì rí i kó wo ara rẹ̀ rí. Dígí nìkan ló ń wò.

Àwọn dígí náà lórúkọ, àwa la sọ wọ́n. Ọ̀kan wà tó kó ikùn sínú bí abọ́, Adoríkodò nìyẹn. Tó o bá jìnnà sí i, orí rẹ á dé ìsàlẹ̀. Òmíràn wà tó yọ ikùn síta láti òkè dé ilẹ̀, bí ẹ̀gbẹ́ àgbá tí wọ́n dà dùbúlẹ̀. Tó o bá dúró síwájú ìyẹn, fífẹ̀ rẹ ò ní yí padà, gíga rẹ ló máa dín kù, wàá wá rí rọ̀gbọ̀dọ̀. Bó o bá ṣe ń fẹ̀yìn rìn kúrò níwájú rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa sanra tó. A ń pè é ní Asanra.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ìyá Dígí bí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú rẹ̀, ni bàbá rẹ̀ bá ń pè é ní Róbótó. Orúkọ yẹn ló mọ́ ọn lára títí tó fi dọmọge, torí róbótó náà ló ṣì rí. Yàrá ẹ́ńjìnnì ni bàbá ti ń ṣiṣẹ́, nínú àwọn ọkọ̀ ojú omi gìrìwò tó ń kó ẹrù láti èbúté kan dé èkejì. Tó bá ti lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kó tó padà. Ìyá àti ọmọ ló máa ń kù nílé, nínú yàrá kan àti pálọ̀ kékeré lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí fọ́tò bàbá nínú aṣọ iṣẹ́ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Tí Róbótó bá ti kúrò nílé ìwé, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Lọ́dún tí wọ́n kọ́ wọn nípa ìmọ́lẹ̀, kò jẹ́ ká gbádùn mọ́. Á fi ṣíbí sínú ife omi, á ní, “Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì, ṣé ṣíbí yìí ṣẹ́?”

Mo ní, “Ó ṣẹ́.”

“Kò ṣẹ́ o! Ìmọ́lẹ̀ ló yà lọ́nà nígbà tó ń jáde látinú omi. Ojú wa ò mọ̀ pé ó yà. Ojú gbà pé tààrà ni ìmọ́lẹ̀ máa ń bọ̀.”

“Ojú yẹn gọ̀ nìyẹn.”

“Gbogbo ojú ló gọ̀, mà. Tiyín náà wà ńbẹ̀.”

Ẹ ò rí ọmọ àfojúdi! Ó mú bébà funfun kan lọ síwájú Adoríkodò, ó ń sún un síwájú, ó ń sún un sẹ́yìn, àfi bí fèrèsé tó wà lódìkejì ṣe yọ sórí bébà náà, tòun ti igi ìta, gbogbo rẹ̀ dorí kodò, ó kéré tó orí èékánná. Ẹnu yà mí, mi ò fẹ́ parọ́. Ó ní ìyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, pé ìmọ́lẹ̀ pàdé lórí bébà yẹn gan-an. Ó ní ti Asanra kọ́ nìyẹn. Ti Asanra, ojú wa ló rò pé nǹkan kan wà lẹ́yìn dígí. Tá a bá lọ sẹ́yìn rẹ̀, ìgbálẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ìyá òun la máa bá. Ìyá rẹ̀ ń nu dígí lọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni pé òun gan-an ló ṣèdánwò yege.

Àìsàn náà ò fi ariwo wọlé. Ó kọ́kọ́ ní ó ń rẹ òun. Lẹ́yìn náà ó ní bàtà òun ti ń bọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù, dókítà ní inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ bá a jà, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n á dá a padà sílé, wọ́n á tún ní kó wá. Ó ń rù, ó ń rù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí bàbá fi sọ ọ́ lórúkọ ti wọlé lọ, eegun ọrùn yọ. A ò sì lè pe ọmọ lórúkọ míì lójijì, kó má lọ rò pé a ti ń sin òun. A ṣáà ń pè é ní Róbótó, orúkọ náà ń korò lẹ́nu wa.

Ọ̀rọ̀ wá di ti bàbá. Nẹ́tíwọ̀kì inú ọkọ̀ wọn ò lè gbé fídíò. Ohùn nìkan ló ń gbé, àti fọ́tò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ pé ara ọmọ ò yá, ó ní kí wọ́n sọ òótọ́ fún òun, ṣé kóun máa bọ̀? Ọ̀gá ọkọ̀ ti gbà pé òun lè bọ́ sílẹ̀ ní èbúté tó kàn. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: tó bá parí ìrìn àjò yẹn, wọ́n á sọ ọ́ di igbákejì ọ̀gá ẹ́ńjìnnì, ohun tó ti ń wá lójú méjèèjì láti ìgbà tí Róbótó wà ní jẹ́léósinmi. Tó bá bọ́ sílẹ̀ lágbede méjì, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Róbótó fárígá. Ó ní, “Màmá, ẹ má jẹ́ kó bọ̀. Ara mi ń bọ̀ wá yá. Tó bá dé nígbà tí mo ti yá, tó wá rí i pé torí mi lòun ṣe pàdánù, kí ni màá sọ?”

Bàbá ní ó dáa, kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ kóun fojú ara òun rí i.

Èmi ni mo wà níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan tá ò tíì ṣílẹ̀kùn, ọmọ náà di ìyá rẹ̀ mú wọlé. Mo rò pé ìṣeré ló wá ṣe. Ó lọ dúró síwájú Asanra, ó sún mọ́ ọn, ó rí ara rẹ̀ bó ṣe rí, egungun. Ó fẹ̀yìn rìn díẹ̀. Ó tún fẹ̀yìn rìn. Mo rí i nínú dígí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe ń padà, bí ọrùn ṣe ń wọlé, bí èjìká ṣe ń kún. Nígbà tó di Róbótó tá a mọ̀, ó dúró, ó ní, “Ibí yìí.” Ó lẹ téèpù dúdú mọ́ ilẹ̀ níbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé fóònù sókè, ó ya ti inú dígí nìkan, kò jẹ́ kí etí dígí hàn. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín gidi.

Inú bí mi. Mo ní, “Ìyá Dígí, o gbádùn báyìí? Irọ́ lo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, òun ló ní kí n ṣe é. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣàìsàn, kò tíì ní kí n ṣe nǹkan kan fún òun.”

Mo padà sídìí tíkẹ́ẹ̀tì mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ohùn bàbá wọlé. Ó ń pariwo, ẹ́ńjìnnì ń hó lẹ́yìn rẹ̀: “Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi ti padà! Róbótó, Róbótó bàbá rẹ̀! Mo fi han gbogbo wọn níbí!” Ìyá àti ọmọ jókòó sórí àga gígùn tó wà nídìí yàrá mi, wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n ń dá a padà, wọ́n tún ń gbọ́ ọ. Ọmọ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Mi ò lè bínú mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá tún béèrè òmíràn. Wọ́n wá, Róbótó dúró lórí téèpù, àmọ́ téèpù ò ṣiṣẹ́ mọ́, torí ó ti rù sí i. Àfi kó tún fẹ̀yìn rìn. Wọ́n lẹ téèpù kejì. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ ọmọ ń gbọ̀n, ìyá ló fà á dìde lórí àga, ó sì ti jìnnà sí dígí débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀kùn àbájáde. Téèpù mẹ́ta wà nílẹ̀ yẹn bí ọ̀nà tó ń lọ sílé ẹlòmíì. Àwọn oníbàárà ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn ti ẹ̀kẹta yẹn, dókítà pe Ìyá Dígí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní àwọn ò ní dúró, àwọn á ṣì máa ṣe ohun tí àwọn lè ṣe. Ó ní ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kó bá ọmọ yìí láyé, kí wọ́n ránṣẹ́ sí i. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Èmi ni mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà, torí kò fẹ́ gbọ́ ọ.

Ó pe ọkọ rẹ̀ níwájú mi. Ó ní, “Bàbá Róbótó, ẹ máa bọ̀. Ara ọmọ ò yá rárá.”

Ọkùnrin yẹn ní, “Ìyá Róbótó, mo mọ̀ pé ó ti sú ọ. Ó sú èmi náà. Ó ku díẹ̀. Má fi ọmọ dẹ́rù bà mí, ṣebí mo rí fọ́tò rẹ̀ ní Sọ́ńdè? Gáùn kan tiẹ̀ wà tí mo ti rà fún un ní èbúté tá a kúrò, mo fi fọ́tò yẹn wọ̀n ọ́n ni.”

Ìyá Dígí sọ fóònù kalẹ̀, ó gbé àkísà, ó lọ ń nu dígí tó ti mọ́. Ẹ sọ fún mi, irú èèyàn wo nìyẹn? Odindi ọjọ́ mélòó kan la fi ṣe bẹ́ẹ̀, mò ń pariwo, òun ń sunkún, ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́sibítù, ó ń béèrè bóyá bàbá òun ti dọ̀gá. Nígbà tí bàbá tún pè, mo já fóònù gbà. Mo ní, “Èmi ni Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì. Ilé dígí ni wọ́n ti ya gbogbo fọ́tò yẹn. Iwájú Asanra ni wọ́n dúró sí. Ẹ máa bọ̀ nílé, ọmọ yín ń lọ.”

Ó ní, “Mo gbọ́, mà.” Àárín agbami ni ọkọ̀ wọn wà. Èbúté tó sún mọ́ wọn jù, wọ́n ṣì máa rìn ín fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó wá kan ọ̀rọ̀ bàálù. Èbúté tó ti lè bọ́ sílẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ béèrè, wọ́n ti kọjá rẹ̀ tipẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni bàbá dé. Ìyá Dígí ti lọ sísàlẹ̀ lọ gba oògùn, èmi ni mo jókòó ti ọmọ náà nínú wọ́ọ̀dù. Wọ́n ti fá irun rẹ̀. Kò wúwo tó ìrọ̀rí tó gbé orí lé. Mo rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, báàgì lẹ́yìn, àpò ọ̀rá kan lọ́wọ́, mo sì dá a mọ̀ látinú fọ́tò ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ń wo ojú àwọn èèyàn lórí bẹ́ẹ̀dì, lọ́tùn-ún, lósì. Ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wo ọmọ, ó wò mí, àánú hàn lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú ìtọ́jú o, mà. Ọlọ́run á wò ó sàn.” Ó sì kọjá.

Mo ń wò ó bó ṣe ń lọ títí dé bẹ́ẹ̀dì ìkẹyìn, tó ń na ọrùn, tó ń wá ọmọ rọ̀gbọ̀dọ̀ kan. Róbótó ti la ojú. Ó ti rí gbogbo rẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é. Bàámi ni.”

Mo dìde, mo lọ fa ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, “Òun nìyẹn. Ẹni tẹ́ ẹ kí yẹn ni.” Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ọkùnrin náà padà wá, ó kúnlẹ̀ síbi bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ojú sún mọ́ ojú ọmọ rẹ̀ gan-an, ó ń wá ibi tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í dá a mọ̀.

Ọmọ àfojúdi yẹn, àárẹ̀ ò mú àfojúdi kúrò lára rẹ̀. Ó ní, “Bàámi, ẹ fẹ̀yìn rìn díẹ̀. Ẹ máa rí mi dáadáa.”

Bàbá ò mọ ohun tó ń sọ. Ó fẹ̀yìn rìn lóòótọ́. Èmi ni mo jáde lọ sí kọ́rídọ̀ lọ fi orí ti ògiri. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá Róbótó.

Kí ló tún kù? Wọ́n sin ín. Wọ́n wọ gáùn yẹn fún un, torí bàbá ò gbà kí wọ́n wọ òmíràn. Ìyá Dígí jókòó, ó fi abẹ́rẹ́ òun òwú gbà á wọlé lápá ọ̀tún, ó gbà á wọlé lápá òsì, aṣọ ṣì ń ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a ṣe é. Ó ń rán an lọ.

Nígbà tó yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, torí kí ló fẹ́ máa ṣe nílé? Àárọ̀ ọjọ́ kan, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ọkọ rẹ̀ bá a wá. Ó ní kí n fi ibi tí ọmọ dúró sí han òun. Mo fi hàn án. Ó yọ fóònù rẹ̀ síta. Ó dúró lórí téèpù àkọ́kọ́, ó wo fóònù, ó wo dígí. Ó lọ sórí èkejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ lórí ẹ̀kẹta. Nínú dígí, ọkùnrin ràgàjì yẹn ti di ròpòtò kúkúrú, bó sì ṣe rí nìyẹn tó ń sunkún. Ẹlòmíì ì bá ti rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló rìn lọ sẹ́yìn dígí. Mi ò mọ ohun tó rò pé òun máa bá. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó pẹ́ kó tó jáde.

Ìyá Dígí ò tíì bá a wí láti ọjọ́ tó ti dé, ó ń dá ara rẹ̀ nìkan lẹ́bi, ó sì ti ń ba ara jẹ́. Ọkùnrin náà wá na fóònù sí i. Ó ní, “Wo ilẹ̀kùn.”

Mo na ọrùn, èmi náà wò ó. Fọ́tò mẹ́ta. Ní gbogbo wọn, ilẹ̀kùn àbájáde wà lẹ́yìn ọmọ náà, lápá kan. Nínú àkọ́kọ́, ó kúrú díẹ̀. Nínú èkejì, ó kúrú sí i. Nínú ẹ̀kẹta, ó ti fẹ̀, ó ti pẹlẹbẹ, kò ga ju fèrèsé lọ. Ọmọ kan wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò yí padà, ilẹ̀kùn ló ń kúrú lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, “Mo rí i. Nínú ọkọ̀ níbẹ̀, láti ti èkejì. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ̀ tí nǹkan ò bá tọ́. Mo mọ ibi tó o ti ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn kì í kúrú.”

Ìyá Dígí gbé ojú sókè. Ó ní, “Ẹ mọ̀. Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò bọ̀?”

Ó wo fóònù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Níta, wọ́n ti ṣílẹ̀kùn ọgbà, àwọn ọmọ àkọ́kọ́ ti ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ariwo.

Ó ní, “Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.”